Nọ́ńbà Méjì fún Egbò Kan

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹfà

Màmá ṣubú ní balùwẹ̀ ní àná. Egungun itan ló kán. Ọkọ mi wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ méjì ó lé kó tó padà, nítorí náà èmi àti Ẹyinjúẹgẹ́ àbúrò rẹ̀ la gbé ìyá wọn dé ọsibítù. Owó táksí: iye tí mo ń gbà lórí fífọ ṣòkòtò mẹ́jọ. Awakọ̀ náà rí i pé arúgbó ń ké, kò dín in.

Nọ́ọ̀sì kan tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún ló gbà wá. Ó kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́ orí, ó wá bèèrè pé: "Ṣé ojú egbò kankan wà lára wọn? Ẹ̀yìn, ìdí, gìgísẹ̀?"

Ẹyinjúẹgẹ́ dúró tì mí.

Mo ní: "Rárá o. Ara wọn mọ́ bí àwo."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ yí wọn wò, Màmá kígbe, itan yẹn ò ṣeé fọwọ́ kàn. Ó ní kò burú. Ó kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀.

Ó wà níbẹ̀ o. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, lókè ibi tí ìdí ti pín, ó tó bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì, awọ òkè ti ṣí. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi fúnra mi ni mo lẹ aṣọ funfun mọ́ ọn kí a tó kúrò nílé. Láti èṣí ni Ẹyinjúẹgẹ́ ti ń sọ pé òun máa kó ìyá òun lọ sílé òun, pé alágbàfọ̀ ò ráyè arúgbó. Bó bá rí bọ́tìnì yẹn, ó ti rí ẹjọ́ rò nìyẹn. Wọ́n á gba Màmá lọ́wọ́ mi.

Mi ò fẹ́ kí Màmá lọ.

Ọjọ́rú, 6

Wọ́ọ̀dù yìí gùn, ibùsùn mẹ́rìnlá. Kọ́tìnì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tó ti ṣá. Bí atẹ́gùn bá wọlé, gbogbo wọn á wú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á tún rọ̀, bíi pé ilé náà ń mí. Mo jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, mi ò mọ ìgbà tó di ọ̀sán.

Wọ́n fi okùn so irin wúwo mọ́ ẹsẹ̀ Màmá títí di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀yìn ni wọ́n dùbúlẹ̀ lé, a ò lè yí wọn. Oògùn ìrora ti gbé wọn lọ sórí omi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Màmá fi ja tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn sọdá odò, kò sì tíì tán lára wọn.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "ṣé a ti gúnlẹ̀?"

"Ó kù díẹ̀, Màmá."

"Sọ fún àwọn tó dúró kí wọ́n jókòó. Omi ń mí."

Aṣọ ibùsùn wọn kò tíì fojú kan áyọ́ọ̀nù láti ọjọ́ tí wọ́n ti rán an. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ na ibi tó wúnjọ lábẹ́ wọn dé ibi tí ọwọ́ mi lè dé. Òwú àti báńdéèjì: owó búrẹ́dì mẹ́ta. Tí èèyàn bá rà á lẹ́yìn géètì, búrẹ́dì méjì ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Òjò. Wọn ò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ. Oníbàárà mẹ́ta ti kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì lọ jẹun, mo fa kọ́tìnì, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ Màmá, mo fi aṣọ tí mo rẹ sínú omi iyọ̀ nu ibẹ̀. Omi iyọ̀ ni mo fi ń yọ ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ, kò sì kùnà rí. Ojú mi kò rí nǹkan, mo kàn ń fọwọ́ mọ̀ ọ́n. Bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì ti di bọ́tìnì kóòtù.

Màmá lajú. Wọ́n wò mí pẹ́. "Má jẹ́ kí omi wọ ẹrù àwọn èèyàn," ni wọ́n sọ, wọ́n sì sùn lọ.

Ara aṣọ ló ń gbọ́ ti iyọ̀. Bóyá ara èèyàn ò gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ajé, 11

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà láàárọ̀. Irin wà nínú itan Màmá báyìí, Dókítà Gíga ní ó dúró dáadáa. (Gíga ni mo ń pè é, torí ó máa ń tẹ orí ba kó tó wọlé, bí ẹni tó ń kí ilẹ̀kùn.) Lọ́sàn-án wọ́n tú okùn ẹsẹ̀ wọn, Nọ́ọ̀sì Ohùn-jẹ́jẹ́ sì wá yí wọn fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mo ti yọ aṣọ tí mo lẹ̀ ṣáájú.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Oòrùn gba inú kọ́tìnì kọjá, ó tàn sẹ́yìn Màmá, gbogbo rẹ̀ wá dà bí ohun tí èèyàn ń wò nísàlẹ̀ odò. Bọ́tìnì ò sí mọ́. Ihò ni, ó tó ìdérí ìgò, nǹkan pupa rúsúrúsú wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ìpele kẹta," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Ó ti kọjá awọ, ó ti dé ọ̀rá. Ọjọ́ méje péré! Èmi ni mo sì kọ ọ́ pé ara wọn mọ́."

Èmi ń wo bàtà mi.

Ó mú rúlà kékeré, ó wọn gígùn rẹ̀, ó wọn ìbú rẹ̀, ó wọn ìjìnlẹ̀ rẹ̀, ó kọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ ṣí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ọwọ́. Ọwọ́ méjì kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó mọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n gbé tìmùtìmù oníafẹ́fẹ́ wá fún Màmá. Ó ń wú, ó ń rọ̀ lábẹ́ wọn fúnra rẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín lójú oorun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Ẹyinjúẹgẹ́ ti gbọ́. Ó dúró sáàárín wọ́ọ̀dù, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Odidi la gbé ìyá wa wá! Odidi! Ṣé ọsibítù ni ibí, àbí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ èèyàn?"

Ìyá arúgbó tó wà ní ibùsùn òdìkejì ní: "Ẹ rọra o, a ń sùn."

"Ẹ má sùn! Ẹ dìde kí ẹ wo ìdí tiyín náà!"

Ẹni tó ń nu ilẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó fi aṣọ ìnulẹ̀ bojú. Nọ́ọ̀sì Ohùn-jẹ́jẹ́ kàn ń sọ pé, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ má bínú."

Ẹyinjúẹgẹ́ yíjú sí mi. "Ìyàwó, sọ fún wọn! Ìwọ lo ń wẹ̀ wọ́n. Ṣé egbò wà lára wọn nígbà tí a dé?"

"Kò sí," mo ní.

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ kò ná mi ní nǹkan kan. Èyí gba oorun mi.

Ọjọ́bọ̀, 14

Bẹ́ǹṣì tí àwa ará ilé aláìsàn ń jókòó sí kọjú sí yàrá fáìlì. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn, gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é ní Ìyá Nọ́ńbà. Lónìí ó jáde, bírò ti tú yíǹkì sí apá kóòtù funfun rẹ̀, ó ń fi omi pa á kíkankíkan.

"Ẹ má fi omi pa á, mà," mo ní. "Ẹ kàn ń fi ọ̀nà hàn án ni. Wàrà tútù ni kí ẹ rẹ ẹ́ sí."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Aṣọ aláṣọ, fún ọdún méjìlélógún."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wọlé. Fáìlì kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé òrùlé. Fáànù ń yí jẹ́jẹ́ lókè, etí àwọn ìwé náà ń gbéra díẹ̀, wọ́n ń sùn padà, bí àgùntàn tó ń mí. Mo bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an.

"Gbogbo àìsàn ló ní nọ́ńbà tirẹ̀," ó ní. "Bí aláìsàn bá ń lọ sílé, mo máa ka fáìlì rẹ̀ láti èèpo dé èèpo, mo máa sọ ọ́ di nọ́ńbà. Ibi tí wọ́n ti ń kà á lókè lọ́hùn-ún, wọn ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ni wọ́n mọ̀."

Mo fi ṣeré bèèrè pé, "Egbò ìdùbúlẹ̀ ńkọ́?"

"Hàà, ìyẹn le. Kì í dúró sójú kan. Mo gbọ́dọ̀ kọ ibi tó wà lára, kí n kọ ìpele tó dé, kí n sì fi àmì sí i: ṣé ó bá aláìsàn wọlé ni, àbí ibí ló ti bẹ̀rẹ̀? Bó bá bá a wọlé tó sì jinná kó tó lọ, nọ́ńbà tó bá a wọlé náà ni mo máa kọ. Jíjinná ò pa á rẹ́. Àmọ́ bó bá wọlé ní kékeré, tó wá jìn sí i níbí, nọ́ńbà méjì ni: ọ̀kan fún bó ṣe rí nígbà tó dé, ọ̀kan fún ibi tó jìn dé."

"Méjì fún egbò kan?"

"Méjì. Kí ilé gba tilé, kí ọsibítù gba tọsibítù."

"Bó bá jẹ́ pé ibí ló ti bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀kan ṣoṣo. Ọsibítù ló ni gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á wá béèrè ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́."

Mo bá a gbé kóòtù náà lọ fọ̀. Mi ò gba owó.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Mo sùn lọ lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá lọ́sàn-án. Mo lá àlá pé mo sá gbogbo aṣọ ibùsùn wọ́ọ̀dù sórí okùn kan, okùn náà sì sọdá odò, ó gùn débi pé mi ò rí ibi tí wọ́n so ìdí rẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà ni wọ́n fi yíǹkì kọ sí etí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Mo ń wá ti Màmá. Mo rí i, kò sí nǹkan lára rẹ̀, ó funfun báláú, mo sì ń yangàn fún ẹnì kan pé èmi ni mo fọ̀ ọ́. Omi rọra ń gba ìsàlẹ̀ aṣọ náà wọlé.

Mo jí. Ó tó àkókò láti yí wọn sí apá òsì.

"A ti dé òdìkejì?" Màmá bèèrè.

"A ti dé, Màmá."

"Ó yá. Ká tún padà."

Ọjọ́ Ajé, 18

Ẹni tó ń nu ilẹ̀ ló sọ fún mi. Wọ́n ti fún Nọ́ọ̀sì Ohùn-jẹ́jẹ́ ní ìwé pé kó wá wí tẹnu rẹ̀, pé báwo ni egbò ìpele kẹta ṣe yọ lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje. Orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ rán lọ kàwé sí i ní oṣù kẹsàn-án. Ọdún mẹ́rin ló ti ń retí ẹ̀. Wọ́n ní wọ́n á yọ ọ́.

Ó ṣì wá yí Màmá ní aago méjìlá. Ó ṣì ń pè wọ́n ní "ìyá mi". Bó ṣe ń tẹ́ aṣọ, ó fi ọwọ́ na gbogbo ibi tó wúnjọ, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ṣe é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Kùrukùru bo gbogbo ìta láàárọ̀, ọsibítù dà bí ọkọ̀ tó dúró láàárín omi tí kò mọ ibi tó ń lọ. Mo rìn wá, kí n lè fi owó ọkọ̀ pamọ́ kí n sì ronú.

Mo ṣírò rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, Màmá á padà sílé mi, nọ́ọ̀sì á pàdánù ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ kọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí mo bá sọ ọ́, Ẹyinjúẹgẹ́ á gba ìyá rẹ̀, ọkọ mi á máa wò mí bí ẹni tí wọ́n yí padà fún un lọ́jà. Ní orí ìwé, dídákẹ́ ló dín owó. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, dídákẹ́ náà ni. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí Màmá bá padà wá, èmi ni mo máa máa wẹ egbò yẹn lójoojúmọ́, yóò sì máa wo ojú mi.

Ọṣẹ ti gbówó lérí.

Ọjọ́rú, 20

Mo kó kóòtù Ìyá Nọ́ńbà lọ fún un, funfun bí ẹyin. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo sọ gbogbo rẹ̀: bọ́tìnì, aṣọ tí mo lẹ̀, iyọ̀.

Ó bọ́ awò ojú, ó jẹ́ kó rọ̀ sí àyà. "Etí mi gbọ́," ó ní, "àmọ́ etí mi kì í kọ̀wé. Ohun tí dókítà àti nọ́ọ̀sì bá kọ sí fáìlì nìkan ni mo lè sọ di nọ́ńbà. Ohun tó wà níbẹ̀ sì ni pé ara wọn mọ́ nígbà tí wọ́n dé."

"Kí wá ni ká ṣe, mà?"

"Mo máa kọ ìbéèrè sí Dókítà. Ọjọ́ méje, ìpele kẹta: ṣé ó bá wọn wọlé ni, àbí kò bá wọn wọlé, àbí kò lè mọ̀? Mi ò gbọdọ̀ fi èsì sí i lẹ́nu. Òun ló máa wá bi ẹ́."

"Ní kọ́lọ́fín?"

"Níbi tó bá ti bá ẹ."

Mo dìde. Ó ní, "O lè sọ pé kò sí o. Òun náà á kọ ìyẹn."

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Ọkọ mi dé ní àná, eruku ọ̀nà wà nínú irun rẹ̀. Lónìí gbogbo wa yí ibùsùn ká. Ẹyinjúẹgẹ́ ń bó ọsàn. Màmá sùn, tàbí mo rò bẹ́ẹ̀.

Dókítà Gíga tẹrí ba wọlé, ìwé Ìyá Nọ́ńbà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ń tọ́jú wọn nílé?"

Ẹyinjúẹgẹ́ fi ọ̀bẹ ọsàn tọ́ka sí mi.

"Mà, etí egbò yìí ti ká. Lójú tèmi kò jọ egbò ọjọ́ méje. Ṣé nǹkan wà níbẹ̀ kí ẹ tó gbé wọn wá?"

Mo rántí pé nǹkan mìíràn pátápátá ni mo ń rò: pé òórùn ọsàn yẹn dára, pé mi ò tíì jẹ ọsàn láti ìgbà tí gbogbo èyí ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́tìnì wú. Ó rọ̀.

"Ó wà," mo ní.

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì. Awọ òkè nìkan ló ṣí, abẹ́ rẹ̀ pupa, ó ń rin díẹ̀. Kò ní ihò. Mo fi pamọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ó bi mí, mo purọ́."

Dókítà ń kọ ọ́. Ìró bírò rẹ̀ ni mo ń gbọ́.

"Ìwọ?" ni ọkọ mi sọ.

Ẹyinjúẹgẹ́ ló sọ ìyókù. "Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́? Mo ti sọ fún yín pé áyọ́ọ̀nù ló mọ̀, kò mọ èèyàn! Ó jẹ́ kí n dúró níbí, kí n bú ọmọ ọlọ́mọ tán, ó ń wò mí bí ẹni ń wo sinimá!"

"Ẹ ò jẹ̀bi, Ẹyinjúẹgẹ́," mo ní. "Òótọ́ lẹ sọ."

"Má pè mí ní Ẹyinjúẹgẹ́!"

Ọkọ mi jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pẹ́ kó tó wọlé. Nígbà tó wọlé, ó ní, "Màmá á lọ sọ́dọ̀ rẹ̀." Àbúrò rẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Èmi àti Màmá nìkan.

"Wọ́n bá ẹ jà."

"Wọn ò bá mi jà, Màmá."

"Ìdí ló ń dùn mí, etí mi ò dùn mí." Ojú wọn ń lọ. "Nínú ọkọ̀ wa, a máa ń wọn ẹrù ní èbúté tí wọ́n ti gbé e wọlé, a tún máa ń wọ̀n ọ́n ní òdìkejì. Àwọn èèyàn á máa bínú. Wọ́n á ní ṣé olè la pe àwọn ni. Omi ló ń wọ ẹrù, Ìyàwó. Kò sẹ́ni tó jalè."

"Èmi ni mo fi egbò yín pamọ́, Màmá."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yìn mi kọ́ ló wà ni?" Wọ́n fà mí lọ́wọ́. "Yí mi. Apá ibí yìí ti gbóná."

Ọjọ́ Ajé, 25

Ìyá Nọ́ńbà pè mí kí n wá wò ó. Ó bo orúkọ àwọn ẹlòmíràn, ó fi ìka sí ìlà méjì. Nọ́ńbà méjèèjì jọra bí ìbejì, ìdí wọn nìkan ló yàtọ̀, ọ̀kan parí sí méjì, èkejì parí sí mẹ́ta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́: Bẹ́ẹ̀ ni, ó bá wọn wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì: Bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo wò ó títí. Odidi oṣù mi, lórí ìlà tí kò gùn tó ìka.

Orúkọ Nọ́ọ̀sì Ohùn-jẹ́jẹ́ ṣì wà lára àwọn tó ń lọ kàwé. Àmọ́ wọ́n bá a wí pé ó gba ohun tí ẹnu sọ, kò fi ojú rẹ̀ wò ó, wọ́n sì gbé e kúrò ní wọ́ọ̀dù fún oṣù kan. Mo lọ bá a níbi tó ti ń kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì. Mo kúnlẹ̀. Ó fà mí dìde kíákíá.

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́," ó ní. Ohùn yẹn náà, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Ká ní ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ dé ni, tìmùtìmù oníafẹ́fẹ́ yẹn ni ǹ bá gbé wọn sí lọ́jọ́ náà. Ọ̀fẹ́ ni, mà. Ẹni tó bá ti ní egbò nílẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń fún."

Ọ̀fẹ́ ni.

Mi ò rí nǹkan kọ mọ́ lónìí.

Ọjọ́bọ̀, 28

Wọ́n gbé Màmá lọ sílé Ẹyinjúẹgẹ́. Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógójì ni, mo kà á, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé wọn. Mo kó ìrọ̀rí mẹ́rin àti aṣọ ibùsùn mẹ́fà tí mo lọ̀ dé ilẹ̀kùn. Ẹyinjúẹgẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, kò ní kí n wọlé. Láti inú yàrá mo gbọ́ tí Màmá ń bèèrè ẹni tó dúró sétí omi.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Keje

Ilé dákẹ́. Lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì ara mi á dìde fúnra rẹ̀, á fẹ́ lọ yí ẹnì kan. Mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì mọ́kàndínlógún. Ọkọ mi jẹun, ó ní oúnjẹ náà dára. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta nìyẹn. Ní ọjọ́ Ẹtì, kò sí ẹyọ kan.

Ọjọ́rú, 4

Aago méje àárọ̀, fóònù dún. Ẹyinjúẹgẹ́ ni. "Ìyàwó, wá." Ó pa á.

Mo rò pé Màmá ti kú. Mo wọ táksí, mi ò béèrè iye.

Màmá ò kú. Wọ́n ń sùn, oòrùn kékeré wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Ẹyinjúẹgẹ́ ló dà bí òkú. Irun rẹ̀ ti tú, ó wọ aṣọ rẹ̀ sódì. Ó ṣí ìsàlẹ̀ aṣọ ìbora, ó fi gìgísẹ̀ òsì hàn mí.

Ó pọ́n. Ó tó ojú àtàǹpàkò. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé ìka kúrò, mo ń dúró kó funfun. Kò funfun. Mo tún un tẹ̀.

"Ìpele kìíní nìyí," mo ní. "Awọ ò tíì ṣí."

"Mo yí wọn o! Ọlọ́run gbọ́, mo fi aago sí i, mo yí wọn! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sùn lọ. Ẹsẹ̀ ni mi ò rántí, ẹ̀yìn ni mo ń wò." Ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó, jọ̀ọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wá di egbò máa dé ní aago mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń bọ̀ lónìí. Jẹ́ ká wọ ìbọ̀sẹ̀ fún wọn."

Ó ti mú ìbọ̀sẹ̀ náà dání, tuntun, ó ṣì wà nínú ọ̀rá.

"Ìbọ̀sẹ̀ yẹn wọ́n jù," mo ní. "Mo ti ra irú rẹ̀ rí."

Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Mo jẹ́ kó sun ún. Mo tú ìborùn mi, mo ká a, mo fi sí abẹ́ ojúgun Màmá kí gìgísẹ̀ lè dúró lófuurufú, kó má kan nǹkan kan. Fèrèsé ṣí. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde láti inú kùrukùru, òrùlé kan, òrùlé kan.

Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó mú fóònù. Ó dúró kọjú sí ògiri. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ Màmá ti pọ́n. ... Rárá, kì í ṣe láti ọsibítù. Ilé mi níbí ni. ... Èmi ni. ... Ìyàwó wà lọ́dọ̀ mi." Ó gbọ́ ọ títí, ó ń mi orí bí ẹni pé ọkọ mi ń rí i. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó ní kí n kí ẹ."

A yí Màmá sí apá ọ̀tún, èmi lórí, òun lẹ́sẹ̀. Mo fi hàn án bí a ṣe ń ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ gìgísẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀lé mi dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ kan sí mi lọ́wọ́. Ó ṣì ń dán, etí irin rẹ̀ ṣì ń gún ni lọ́wọ́.

"Mo gé e ní ọjọ́ Ajé," ó ní. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa fún ẹ."

Mo bi í léèrè iye tí wọ́n gé e.

"Ìyàwó," ó ní, "ọ̀ràn tìrẹ ò ní oògùn." Ó ti mí síta, ó ń rẹ́rìn-ín. "Aago mọ́kànlá la tún máa yí wọn. Má pẹ́."